Ẹ̀rù Tàbí Ẹ̀tọ́? Àgbéyẹ̀wò Ìròyìn Ìgbìmọ̀ Willink

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe ìwé ìtàn àròsọ tàbí ìwé ewì ni mo gbé wá síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí. Ìwé ìjọba ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ìwé ìjọba ń wá láàárín àwa ẹlẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ṣùgbọ́n ìwé ni ìwé ń jẹ́. Ìwé tí ó bá lè pín ilẹ̀ fún ènìyàn, tí ó sì lè wí fún odidi ìlú pé ọ̀dọ̀ báyìí ni kí ẹ máa gbé, ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ nípa èdè lè yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ eré oníṣe wò: kí a wo ọ̀rọ̀ tí ó lò, kí a wo ọ̀rọ̀ tí ó yẹra fún, kí a sì wo ibi tí ó fi orí ọ̀rọ̀ tì sí.

Ìwé náà ni ìròyìn tí ìgbìmọ̀ tí Sir Henry Willink ṣe alága fún gbé jáde ní 1958. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957 ni Alan Lennox-Boyd, mínísítà tí ó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, yan ìgbìmọ̀ náà. Ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n: Willink fúnra rẹ̀, Gordon Hadow, Philip Mason àti J. B. Shearer. Nàìjíríà ń múra àtigba òmìnira nígbà náà. Ẹkùn mẹ́ta ni a pín in sí, Àríwá, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ẹ̀yà tí wọ́n kéré níye nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ń ké pé bí òyìnbó bá lọ tán, àwọn tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ yóò tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí a rán ìgbìmọ̀ náà kò pamọ́. Kí wọ́n wádìí òtítọ́ nípa ẹ̀rù tí ń ba àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kí wọ́n sọ ohun tí a lè ṣe láti mú ẹ̀rù náà kúrò. Kí wọ́n sọ irú ààbò tí a lè kọ sínú òfin ìpìlẹ̀. Bí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn rárá, nígbà náà ni kí wọ́n tó dá a lábàá pé kí a dá ẹkùn tuntun sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, nítorí ọmọ Ìpàta ni mí ní Ìlọrin. Ẹni tí ó bá mọ Ìpàta mọ̀ pé ọjà ni. Bí ènìyàn bá jí lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù láti ra ẹran, kí ó tó kúrò nídìí àtẹ kan dé òmíràn, etí rẹ̀ lè ti gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Fúlàní àti Tápà. Yorùbá ni a ń sọ nílé wa. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó bí ìyá mi, Tápà ni. Pàtígi ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Nítorí náà, bí ìwé kan bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó kéré níye àti àwọn tí ó pọ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ni ó wà nínú rẹ̀.

Fún àǹfààní àwọn tí kò mọ ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 1897 ni ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Royal Niger Company fi ìbọn ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn ní 1900, wọ́n pa Ìlọrin pọ̀ mọ́ Àríwá, ìlà tí wọ́n fà sì ya á kúrò lára ilẹ̀ Yorùbá yòókù. Láàárín 1950 sí 1960, ọ̀pọ̀ Yorùbá ní agbègbè Ìlọrin àti Kábà bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé kí a sún ìlà náà, kí àwọn lè darapọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ Action Group dúró lẹ́yìn wọn. Ní Ọ̀fà, J. S. Olawoyin ni aṣáájú. Ní ìlú Ìlọrin, ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ dìde, agbára rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi borí nínú ìdìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba Kàdúná fi tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ẹjọ́ Ìlọrin àti Kábà wà lára àwọn ẹjọ́ tí a gbé síwájú Willink àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí n tó sọ àléébù ìwé náà, ó tọ́ kí n sọ iyì rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn mẹ́rin wọ̀nyí kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Wọ́n dé Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá 1957, ọdún tuntun sì ti wọ̀ dáadáa kí wọ́n tó lọ. Wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn tí ń ráhùn, wọ́n gbọ́ tẹnu ìjọba tí a ń ráhùn sí. Ìròyìn wọn rọrùn láti kà, ohùn rẹ̀ sì tutù. Èyí kò yà mí lẹ́nu púpọ̀, nítorí Philip Mason kì í ṣe akọ̀wé ìjọba lásán. Òǹkọ̀wé ni, òun ni ó kọ ìwé olókìkí lórí àwọn òyìnbó tí ó ṣàkóso Íńdíà, tí ó fi orúkọ Philip Woodruff sí.

Iyì rẹ̀ kejì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwa Yorùbá. Ìwé náà kò fi wá hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ń pọ́n lójú nìkan. Ní orí tí ó sọ̀rọ̀ nípa Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn Ẹ̀dó, àwọn Ùròbò àti àwọn Íjọ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀, ẹni tí wọ́n sì ń bẹ̀rù ni àwa. Wọ́n ní bí òmìnira bá dé, Yorùbá ni yóò jọba lé àwọn lórí. Ẹ rò ó wò. Nínú ìwé kan náà, Yorùbá ń sunkún ní Ìlọrin, Yorùbá sì ń pa ẹlòmíràn lẹ́kún ní Benin. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń tọ́ka sí ìwé yìí láàárín wa a máa ka ojú ìwé kìíní, wọn a sì fo èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Ìlọrin kò gbọdọ̀ di etí sí Benin.

Wàyí o, àléébù rẹ̀. Àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi rán wọn níṣẹ́: ẹ̀rù. Nínú èdè wa, ẹ̀rù ń bà mí àti ẹ̀tọ́ mi ni kì í ṣe gbólóhùn kan náà. Bí ọmọ bá ní ẹ̀rù ń ba òun lóru, ìyá rẹ̀ lè tan fìtílà, kí ó pa á mọ́ra, kí ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá ní kí a fún òun ní ìpín òun nínú ogún baba òun, fìtílà kò lè dá a lóhùn. Ẹni tí ó bá pe ẹ̀bẹ̀ mi ní ẹ̀rù ti sọ mí di aláìsàn tí a fẹ́ tù nínú. Ẹni tí ó bá pè é ní ẹ̀tọ́ sọ mí di ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Nígbà tí mo ń ka ìròyìn náà, mo rí i pé léraléra ni ó ń wọn ẹ̀rù wò bí ẹni ń fi ìgbá wọn ọkà: èyí ní ìdí díẹ̀, èyí pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, èyí yóò lọ bí ìjọba bá fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n náà lè péye. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jẹ gbèsè? Ìwé náà kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀.

Àléébù kejì ni mo gbọ́ lẹ́nu bàbá àgbà mi. Alápatà ni wọ́n ní Ìpàta kí ọjọ́ orí tó dá wọn jókòó. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink wá sí Nàìjíríà, ọmọdékùnrin ni wọ́n, tí ń pọnmi fún àwọn alápatà. Wọ́n sì rántí ariwo Tálákà Parapọ̀ dáadáa. Nígbà ìsinmi, mo ń túmọ̀ apá kan nínú ìwé náà fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àwọn tí ó kéré níye, wọ́n dá mi dúró.

"Àwọn wo ni ó kéré níye?"

Mo ní, "Àwa Yorùbá ni, Bàbá, nínú Àríwá ìgbà náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àwa tí a kún Ìlọrin báyìí? Níbo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?"

Mo ti jókòó gbọ́ àlàyé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tí ó wọ̀ mí lára tó ìbéèrè yìí. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí ka ènìyàn láti Sókótó àti Bọ̀rọ̀nú wá sísàlẹ̀, Yorùbá Ìlọrin kéré. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Ìpàta, Yorùbá pọ̀. Bí a bá sì bẹ̀rẹ̀ láti Èkó wá sókè, wọ́n tún pọ̀ sí i. Ènìyàn kan náà ni, lórí ẹní kan náà, tí ń jẹ ẹ̀kọ kan náà. Kíkéré níye kì í ṣe àmì tí a bí mọ́ ẹnikẹ́ni lára bí ojú ilà. Ibi tí a gbé fa ìlà sí ni ó ń mú un wá. Ẹni tí ó bá sì yan ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà, ó ti dá ìdajì ẹjọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó yanu.

Ìgbìmọ̀ náà rí èyí, n kò ní fi èyí dù wọ́n. Wọ́n wí pé bí a bá dá ẹkùn tuntun, ẹlòmíràn ni yóò tún di ẹni tí ó kéré níye nínú ẹkùn tuntun náà. Òtítọ́ ni. Ká ní wọ́n sún ìlà Ìlọrin ní 1958, ẹ̀rù tí wọ́n bá gbé kúrò lórí Yorùbá ì bá bọ́ sórí Fúlàní, Gàǹbàrí, Tápà àti Bàrùbá tí a jọ ń gbé. Nítorí náà wọ́n kò dá a lábàá pé kí a sún ìlà, wọn kò sì dá a lábàá pé kí a dá ẹkùn kankan sílẹ̀. Ní ti àgbègbè odò ní Niger Delta, wọ́n ní kí a dá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè kan sílẹ̀ fún un. Ní ti ọlọ́pàá, wọ́n kò fẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ẹkùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí mo kà sí ọkàn ìwé náà. Wọ́n ní kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin ìpìlẹ̀, kí ó jẹ́ ti ẹni kọ̀ọ̀kan, ìbáà pọ̀ níye, ìbáà kéré. Àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ní 1950 ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe. Bí orí kẹta òfin ìpìlẹ̀ òmìnira ti 1960 ṣe wáyé nìyẹn, tí àtọmọdọ́mọ rẹ̀ sì wà nínú orí kẹrin òfin ìpìlẹ̀ 1999 títí di òní.

Ẹ wo ìrìn àjò ìwé náà: ó fi ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀tọ́ parí. Ìdí nìyí tí mo fi pè é ní ìwé tí ó yẹ kí a kà. Bí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ rin kúrò níbi ìtùnú dé ibi gbèsè.

Àléébù kẹta ni ó wá wúwo jù. Ta ni yóò ṣọ́ ẹ̀tọ́ náà? Àdéhùn Yúróòpù tí a fi ṣe àwòkọ́ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ti nà án dé Nàìjíríà láti 1953. Lórí ìwé, ọmọ Ìlọrin tí a bá fi ìyà jẹ wà lábẹ́ ààbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ síwájú àwọn tí ń ṣọ́ àdéhùn náà ní Strasbourg títí di 1966. Ní 1966, ọdún mẹ́fà ti kọjá tí Nàìjíríà ti gba òmìnira. Nítorí náà, a fún wa ní ilé, a kò fún wa ní ìlẹ̀kùn. Láti 1960 lọ, ilé ẹjọ́ wa nìkan ni ó kù.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ kan ìlẹ̀kùn náà fún wa ni Olawoyin ará Ọ̀fà. Ìjọba Àríwá ṣe òfin kan ní 1958 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, apá kan rẹ̀ sì kọ̀ fún àwọn ọmọdé láti lọ́wọ́ sí ìṣèlú. Olawoyin, tí ó ní ọmọ, lọ sílé ẹjọ́ pé òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ òun ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú, àti pé òfin yìí tako ẹ̀tọ́ tí òfin ìpìlẹ̀ fún òun. Ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ rẹ̀ nù. Ó gbé e dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìjọba àpapọ̀. Ní 1961, ilé ẹjọ́ náà dá a nù pẹ̀lú. Wọn kò wí pé òfin náà dára, wọn kò wí pé kò dára. Wọ́n ní Olawoyin kò fi hàn pé òfin náà ti kan òun tàbí pé ó fẹ́ kàn án. Nítorí náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Ní ti ìmọ̀ òfin, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìdájọ́ náà lé ẹ̀gbẹ́ ìròyìn Willink, kí a wo bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe bá ara wọn mu. Nítorí ẹ̀rù ni a ṣe kọ ẹ̀tọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀. Kí ni ẹ̀rù? Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni ènìyàn ń bẹ̀rù. Ilé ẹjọ́ wá ní kí o lọ títí wọn ó fi lù ọ́ ná, tàbí tí wọn ó fi gbé ọwọ́ sókè, kí o tó padà wá. Òògùn tí a ní ó wà fún ẹ̀rù di òògùn ọgbẹ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi adájọ́ nìkan. Ẹ̀bi ìwé náà ni pẹ̀lú, nítorí ó kọ ẹ̀tọ́ sílẹ̀, kò kọ ẹni tí ó lè bá ẹni tí ń bẹ̀rù sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà mi ní òfin kan ní ìdí àtẹ ẹran: ẹni tí ó gé ẹran kì í kọ́kọ́ mú ìpín. Willink gbé ọ̀bẹ lé ìjọba lọ́wọ́, ó sì tún ní kí ó kọ́kọ́ mú.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni a ti kọ irú ìwé báyìí. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ìwé ńláńlá tí gbogbo ayé kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí a sì wò wọ́n bí ẹlẹ́kọ̀ọ́ èdè. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní parí, Pólàndì fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Versailles ní 1919 láti dáàbò bo àwọn ẹ̀yà tí ó kéré níye nínú rẹ̀. Àwọn tí a bá ṣẹ̀ lè kọ̀wé sí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìgbà náà, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ àjọ náà nìkan ni ó lè gbé ẹjọ́ náà dìde. Ní 1934, Pólàndì ní òun kò ṣe mọ́. Nígbà tí ó di 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, èyí tí a ti túmọ̀ sí Yorùbá. Ẹ ka á láti òkè dé ilẹ̀: ẹ ó rí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí gbogbo ènìyàn, ẹ kò ní rí ẹ̀yà tí ó kéré níye.

Ó di 1966 kí wọ́n tó padà wá. Nínú àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ti ìṣèlú, abala 27 ní níbi tí irú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí bá wà, a kò gbọdọ̀ fi àṣà wọn, ẹ̀sìn wọn àti èdè wọn dù wọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí ìṣe inú gbólóhùn náà. Má ṣe ni. Kò wí fún ìjọba pé ṣe. Ẹni tí kò bá dí ọmọ lẹ́nu kò tíì kọ́ ọmọ náà ní ìwé. Àdéhùn yìí de Nàìjíríà láti 1993. Ní 1992, wọ́n ṣe ìkéde mìíràn tí gbólóhùn rẹ̀ dára jù: ó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dáàbò bo ẹ̀yà tí ó kéré níye, kí wọ́n sì mú kí ìdánimọ̀ wọn gbèrú. Ṣùgbọ́n ìkéde ni, kì í ṣe àdéhùn. Kò de ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: níbi tí òfin ti le, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ti le, òfin rẹ̀ rọ̀.

Síbẹ̀, n kò ní wí pé asán ni gbogbo rẹ̀. Ohun kan ti yí padà, ilẹ̀ wa ni ó sì ti yí padà. Àgbègbè Niger Delta tí Willink ní kí a dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún, wọ́n dá a sílẹ̀ fún un ní 1961. Ìgbìmọ̀ náà kò gba àwọn Ògónì lọ́wọ́ epo tí ń ba oko àti odò wọn jẹ́. Ní 10 oṣù kọkànlá 1995, ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa àti àwọn Ògónì mẹ́jọ mìíràn kọ́. Ní 1996, ẹgbẹ́ kan ní Èkó àti òmíràn ní New York kọ ìwé ẹ̀sùn lórí ọ̀rọ̀ Ògónì sí ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà. Ní 2001, ìgbìmọ̀ náà dá Nàìjíríà lẹ́bi. Ìdájọ́ náà kò jí òkú, kò sì fọ odò. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ó pẹjọ́. Kì í ṣe oko wọn ni epo dà sí. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n padà sílé nítorí pé ọ̀rọ̀ kò kàn wọ́n. Ohun tí a fi dá ẹjọ́ Olawoyin nù ní 1961 kò dá ẹjọ́ Ògónì nù ní 2001. Aládùúgbò lè gbé ẹjọ́ aládùúgbò. Lójú tèmi, èyí ni gbogbo akitiyan ayé fi kún ohun tí Willink kọ, kò sì kéré.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé. Ohun tí ìròyìn náà ní kí a má ṣe, ìtàn ṣe é. Ní 1963, a dá ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti dìbò. Ní oṣù karùn-ún 1967, ìjọba Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, Ìlọrin àti Kábà sì bọ́ sínú èyí tí a wá ń pè ní Kwara. Ní 1991, ìhà Kábà lọ sí Kogi. Ìpínlẹ̀ ti di 36 báyìí. Ní Kwara tòní, Yorùbá ni ó pọ̀ jù. Àwọn tí ó kéré níye ni Tápà ní Edu àti Pàtígi, àti Bàrùbá ní Baruten àti Kaiama. Abala 55 òfin ìpìlẹ̀ 1999 dárúkọ Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè tí a tún lè lò ní ilé aṣòfin àpapọ̀ lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì. Kò dárúkọ èdè ìyá tí ó bí ìyá mi. Abala 97 ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi èdè mìíràn tí a ń sọ níbẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì bí ó bá wù ú. Bí ó bá wù ú ni: gbólóhùn náà kò tilẹ̀ tó má ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan kí n tó dákẹ́. Ní ìpàdé kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, ọmọ Bàrùbá kan dìde ka ewì Yorùbá tí ó fúnra rẹ̀ kọ. Ewì náà dára, ó dára ju tèmi tí mo kà ṣáájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gba ibòmíràn lórí ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta, ẹnìkan sì sín ohùn náà jẹ láti ẹ̀yìn, ilé sì kún fún ẹ̀rín. Ó jókòó kí ó tó parí. Mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́. Mo wí lọ́kàn mi pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ kò kàn mí. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ 1961 ni mo sọ lọ́kàn mi, n kò sì tíì ka ìwé náà nígbà náà.

Ìdájọ́ mi lórí ìròyìn Willink nìyí: ìwé ọlọ́gbọ́n ni, ìwé olóòótọ́ ni, ó sì mọ̀ pé sísún ìlà kò tó. Ohun tí kò mọ̀ ni pé kíkọ ẹ̀tọ́ sílẹ̀ náà kò tó. Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kéré níye ń dúró bí àwọn tí ó pọ̀, tí ọ̀rọ̀ kò kàn, bá dìde bá a sọ ọ́. Àwa Yorùbá Ìlọrin ti wà ní ìhà méjèèjì ìlà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ohun tí ó jẹ́, àwa ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé náà, kí ó kà á dé òpin, kí ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè bàbá àgbà mi bí ó ti ń kà á: níbo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? Ní ti ọ̀rẹ́ wa yẹn, mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun yóò tún kà á ní ìpàdé tí ń bọ̀. Èmi yóò jókòó ní ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀.